Gíláàsì iwájú alùpùpù: bí ẹ ṣe máa yan èyí tó ṣeé tú, tí kò sì ní gbé yín ṣubú

Àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan ni. Mo gbé ọ̀kadà mi kúrò ní Ọ̀wọ̀, mò ń lọ sí Ìfọ́n tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, nítorí mo fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn àgbẹ̀ kan fún ìròyìn tí mò ń kọ lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jókòó sẹ́yìn mi. Bajaj Boxer ni mò ń gùn, ṣùgbọ́n ká ní ẹ rí i lọ́jọ́ yẹn, ẹ ó rò pé máṣíìnì olówó ńlá ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni mo ra gíláàsì iwájú ńlá kan, tòkunbọ̀ ni, wọ́n tú u lára máṣíìnì tó tóbi ju tèmi lọ dáadáa. Wẹ́dà bá mi jó irin mọ́ ọn, a dè é mọ́ ọwọ́ máṣíìnì. Ó ga kọjá orí mi. Mo sì ń fi yan kiri ìgboro.

A ti jìnnà sí ìgboro Ọ̀wọ̀ kí tírélà kan tó yọ sí wa láti ọ̀nà Bìní. Kò kọlù wá o. Ó kàn ń kọjá lọ lọ́nà tirẹ̀ ni. Àmọ́ atẹ́gùn tó ń tì bọ̀ níwájú gbá gíláàsì mi bí ìgbà tí ìjì bá gbá ilẹ̀kùn tí wọn ò tì. Ọwọ́ máṣíìnì yí mọ́ mi lọ́wọ́, ó gbọ̀n sọ́tùn-ún, ó gbọ̀n sósì. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, inú koríko la bá ara wa. Gíláàsì fọ́ wẹ́wẹ́. Ègé kan gé mi lágbọ̀n, wọ́n ní láti rán an. Ọrùn ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kán, ọwọ́ ọ̀tún, ọmọ tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó wọlé ìdánwò.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Nígbà tí mẹkáníìkì mi rí àfọ́kù tó kù, ó mi orí, ó ní, "Oníròyìn, ẹ má bínú o. Ìgbokùn ọkọ̀ ojú omi lẹ gbé sórí máṣíìnì yìí." Kò purọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti ra méjì mìíràn, mo dá ọ̀kan padà, mo sì ti gun èkejì nínú ọyẹ́, nínú òjò, lórí ọ̀dà àti lórí ilẹ̀ pupa. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo kó jọ síbí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin ọ̀dọ́ ló ti ń fi máṣíìnì rin ìrìn àjò jíjìn báyìí. Lọ́dún 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London wá sí Èkó láti wá owó fún ìjà àrùn rọpá-rọsẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ló gbéra, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ló wọ Èkó. Láti ìgbà yẹn, àwọn tó ń sọ fún mi pé "èmi náà á gùn ún jìnnà lọ́jọ́ kan" ò lóǹkà. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá múra ẹ̀ bó ṣe yẹ.

Èwo ni gíláàsì, èwo ni fairing?

Ohun tí àwa ń pè ní gíláàsì iwájú kì í ṣe gíláàsì rárá. Rọ́bà líle tó mọ́ gaara ni. Ó máa ń dúró lókè iná iwájú, irin tín-ín-rín ni wọ́n sì fi ń dè é mọ́ ọwọ́ máṣíìnì tàbí mọ́ àyíká iná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba atẹ́gùn kúrò láyà ẹni tó ń gun máṣíìnì.

Fairing ju ìyẹn lọ. Ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún iwájú máṣíìnì ni. Ó máa ń yí iná iwájú ká, nígbà mìíràn á bo orúnkún àti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, gíláàsì á wá wà lórí rẹ̀. Méjèèjì ló ní èyí tí wọ́n kàn mọ́ ara máṣíìnì pátápátá, wọ́n sì ní èyí tó ṣeé tú. Èyí tó ṣeé tú ni mo fẹ́ kí ẹ rà. Màá sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ta ló nílò rẹ̀, ta ni kò nílò rẹ̀?

Bó bá jẹ́ pé láti Ọjà Ọba sí Póòlì Rufus Giwa lẹ máa ń lọ, ẹ lọ fi owó yín jẹun. Eré tí máṣíìnì ń sá nígboro kò tó ohun tí èèyàn ń ra gíláàsì sí. Àṣíborí tó ní gíláàsì ojú ti tó yín.

Àwọn tó nílò rẹ̀ ni àwọn tó ń lo wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: dispatch tó ń gbé ẹrù láti Àkúrẹ́ wá sí Ọ̀wọ̀, tíṣà tó ń gbé Ọ̀wọ̀ àmọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìdóàní, oníròyìn bíi tèmi tí kò ní mọ́tò, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi òpin ọ̀sẹ̀ gun máṣíìnì lọ wo ìlú tí ẹ ò mọ̀.

Ojú ọjọ́ wa náà ní tirẹ̀. Láti ìparí ọdún títí wọ oṣù kejì, ọyẹ́ á wà níta. Òtútù á máa wọ àyà láàárọ̀, eruku á máa di ojú. Nígbà tí òjò bá dé, ẹ̀kán òjò tó bá bá yín lórí eré 70 kìlómítà ní wákàtí kan máa ń ta èèyàn bí òkúta wẹ́wẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀wẹ̀, kòkòrò. Ẹni tí kòkòrò bá kó sí lójú rí lọ́nà Ìfọ́n kò nílò àlàyé mi.

Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí ni àárẹ̀. Tí atẹ́gùn bá ń ti àyà yín fún wákàtí kan gbáko, apá àti ọrùn yín ni ẹ fi ń dì í mú, bí ẹ ò tiẹ̀ fura. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í tètè rí ewúrẹ́ tó ń bọ̀ lójú títì, kì í sì í tètè tẹ bíréèkì.

Ìṣirò atẹ́gùn

Èyí ló yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó náwó. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń ti nǹkan kì í di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Ẹni tó ń sá 80 ń gba atẹ́gùn ní ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ẹni tó ń sá 40 ń gbà. Tí tírélà bá wá ń bọ̀ lódìkejì, atẹ́gùn tó ń tì níwájú tún ń wá pàdé tiyín.

Fífẹ̀ gíláàsì náà wà nínú ẹ̀. Gíláàsì tó fẹ̀ ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì á gba atẹ́gùn bíi ìlọ́po méjì. Tó bá sì jẹ́ ọwọ́ máṣíìnì lẹ dè é mọ́, gbogbo ohun tó bá gbà, ọwọ́ yín ló ń gbé e fún.

Ẹ wá wo irú máṣíìnì tí à ń gùn. Boxer 100 kò tó ọgọ́rùn-ún kúbíkì gan-an, agbára rẹ̀ jẹ́ bí ẹṣin mẹ́jọ, gbogbo ara rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 100 kílò. Honda Gold Wing tí ẹ máa ń rí nínú fídíò àwọn arìnrìn-àjò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1,833 kúbíkì, agbára rẹ̀ ju ti ọgọ́rùn-ún ẹṣin lọ, ó sì wọ̀n ju 350 kílò lọ. Gíláàsì tí Gold Wing ń gbé láìmọ̀ pé òun gbé nǹkan kan, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Boxer lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá ka ìmọ̀ràn àwọn òyìnbó pé gíláàsì ńlá ló dáa fún ìrìn àjò jíjìn, òótọ́ ni fún wọn. Kì í ṣe fún wa.

Ibi tí nǹkan yìí ti wá

Àwọn tó ń fi máṣíìnì díje ló kọ́kọ́ gbé e débi gíga. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ń fi ẹ̀wù irin bo gbogbo iwájú máṣíìnì títí kan táyà iwájú, kó lè sáré bí ọta. Eré rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ó máa ń gbé wọn yà. Àjọ FIM tó ń darí ìdíje máṣíìnì lágbàáyé fòfin dè é láti ọdún 1958. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn jù lọ láyé nìyẹn o, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ ò mojú ẹnikẹ́ni.

Ní àwọn ọdún 1970, Craig Vetter, ará Amẹ́ríkà kan, ń ta fairing tí ó pè ní Windjammer, tí èèyàn lè rà kó sì dè mọ́ máṣíìnì tó ti wà nílé. BMW ti ilẹ̀ Jámánì gbé R100RS jáde lọ́dún 1976 pẹ̀lú fairing tó bo iwájú rẹ̀ látilé iṣẹ́. Gold Wing fúnra rẹ̀ kò ní fairing nígbà tó jáde lọ́dún 1975, àwọn tó rà á ló ń wá tiwọn kiri. Ìgbà tó di ọdún 1980 ni Honda ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé èyí tó ní i látilé iṣẹ́ jáde. Harley-Davidson náà gbé Road King jáde ní ìgbà ọdún 1994, èyí tí gíláàsì iwájú rẹ̀ ṣeé yọ láì lo sípánà. Ìyẹn gíláàsì ìrìn àjò lónìí, kó di máṣíìnì ìgboro lọ́la.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ ṣeé tú?

Nítorí pé ọ̀nà wa kì í ṣe oríṣi kan. Ẹ lè wà lórí ọ̀dà láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n, kí ẹ wá yà sí ọ̀nà ilẹ̀ pupa lọ sí oko kan lẹ́yìn Òkèlúsè tàbí Arímògíjà. Lórí ilẹ̀ pupa, eré yín ò ní pọ̀, gíláàsì ò ní wúlò fún yín. Kòtò á kàn máa gbọ̀n ọ́n títí bóòtù á fi tú. Tí ẹ bá sì ṣubú níbẹ̀, bí ẹni tó ń gun máṣíìnì nínú igbó ṣe máa ń ṣubú nígbà míì, òun ni ẹ máa kọ́kọ́ fi àyà lù.

Nítorí ooru náà ni. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, tí oòrùn bá mú, atẹ́gùn àyà yẹn gan-an lẹ máa ń wá.

Nítorí ìjì náà ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, atẹ́gùn máa ń dé ṣáájú òjò. Tí ẹ bá rí i tí ojú ọ̀run ṣú, tí igi ń jó, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yọ gíláàsì, ẹ dúró níbi tí ilé wà.

Nítorí alẹ́ náà ni. Gíláàsì tó ti họ máa ń fọ́n iná mọ́tò tó ń bọ̀ ká, ojú ọ̀nà á wá di funfun gbòò níwájú yín.

Tí mo bá ní "ó ṣeé tú," ohun tí mò ń sọ ni pé ọwọ́ yín nìkan lẹ máa lò, lẹ́bàá ọ̀nà, láàárín ìṣẹ́jú méjì. Èyí tó bá ń fẹ́ sípánà mẹ́ta àti ọmọ iṣẹ́ kan, kò ṣeé tú nìyẹn. Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ rà á, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ ọ́ lójú yín. Kí ẹ̀yin náà yọ ọ́, kí ẹ dá a padà. Kí ẹ wá wo irin tó kù lára máṣíìnì lẹ́yìn tí gíláàsì ti kúrò. Tí irin náà bá yọ ṣóńṣó sí ọ̀kánkán àyà yín, ẹ má rà á.

Báwo ló ṣe yẹ kó ga tó?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ẹ fẹ́ máa wo ọ̀nà lókè gíláàsì, kì í ṣe látinú rẹ̀. Gíláàsì máṣíìnì kò ní wápà bíi ti mọ́tò. Tí òjò bá rọ̀ sí i, tàbí tí eruku ọyẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó ń wo inú rẹ̀ ti fọ́jú nìyẹn.

Ohun tí mo ṣe rèé, ẹ lè ṣe é nílé láì náwó. Ẹ gun máṣíìnì yín lórí ilẹ̀ tó tẹ́, kí ẹ dé àṣíborí, kí ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó lọ́nà jíjìn. Kì í ṣe bí ẹ ṣe ń jókòó fún fọ́tò o. Kí ẹnì kan bá yín gbé páálí dúró níbi tí gíláàsì máa wà. Kó máa gbé e sókè, kó máa gbé e sílẹ̀, títí etí òkè páálí náà á fi wà ní ọ̀kánkán imú tàbí ẹnu yín, tí ẹ ṣì ń rí ọ̀nà lókè rẹ̀ láì na ọrùn. Kí ó fi bírò sàmì síbẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ibi iná iwájú. Ìwọ̀n yẹn lẹ máa mú lọ sọ́jà. Ẹ má fi páálí gùn ún jáde o, ìwọ̀n nìkan la fẹ́.

Fún Boxer, TVS àti àwọn máṣíìnì kéékèèké bẹ́ẹ̀, ẹ lè rí i pé èyí tó kúrú ju ìyẹn lọ, tó kàn gba atẹ́gùn kúrò láyà, tó yín. Tèmi báyìí kò dé ọrùn mi. Atẹ́gùn ń kan àṣíborí mi, àmọ́ àyà mi ti sinmi, ọwọ́ máṣíìnì kì í sì í gbọ̀n mọ́.

Tí ẹ bá dè é tán, tí ẹ wá rí i pé orí yín ń gbọ̀n nínú àṣíborí bí ìgbà tí ẹnì kan ń fọwọ́ gbá a, ẹ má rò pé ó ti kéré jù. Atẹ́gùn tó ń ré etí gíláàsì kọjá ló ń dojú rú síbi orí yín. Nígbà mìíràn, kí ẹ dẹ gíláàsì sẹ́yìn díẹ̀, tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ló máa wò ó sàn. Ẹ gbìyànjú ìyẹn ná kí ẹ tó lọ ra èyí tó tóbi.

Irú rọ́bà wo?

Méjì ló wọ́pọ̀. Polycarbonate ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì ojú àṣíborí. Ó máa ń tẹ̀, kì í tètè fọ́. Tí òkúta bá ta lù ú, á gbà á. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó tètè ń họ, epo bẹntiróòlù sì máa ń bà á jẹ́. Acrylic, tí àwọn tó ń kọ pátákó ìpolówó mọ̀ sí Perspex, le lójú, kì í tètè họ, àmọ́ tó bá fọ́, ègé rẹ̀ mú bí abẹ. Irú ẹ̀ ló gé mi lágbọ̀n.

Nítorí náà, polycarbonate ni kí ẹ béèrè. Èyí tó dáa sábà máa ń nípọn tó mílímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rọra fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀: ó yẹ kó tẹ̀ díẹ̀ kó sì padà. Ẹ gbé e sójú, kí ẹ wo òpó iná tàbí igun ilé látinú rẹ̀. Tí òpó náà bá wọ́, ẹ dá a padà. Ẹ wo àyíká ihò bóòtù: tí ilà tín-ín-rín bá ti ń sá láti ibẹ̀, ó ti fẹ́ là nìyẹn, ìrìn àjò kan ló kù fún un. Tòkunbọ̀ sábà máa ń ní irú ilà bẹ́ẹ̀.

Gíláàsì fèrèsé ilé ńkọ́? Mo ti rí ẹni tó lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láé.

Bí ẹ ṣe máa dè é

Ọwọ́ ọ̀pọ̀ máṣíìnì wa jẹ́ mílímítà 22 ní ìbú, ìyẹn ni kí ohun ìdè tí ẹ bá rà bá mu. Kó wà níbi mẹ́rin, kì í ṣe méjì. Èyí tó bá wà níbi méjì á máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń kí ọba. Kí rọ́bà wà láàárín irin àti gíláàsì, kí ihò gíláàsì fẹ̀ díẹ̀ ju bóòtù lọ, nítorí oòrùn máa ń jẹ́ kí rọ́bà wú. Ẹ má fún bóòtù náà pa. Ibi tí wẹ́dà mi ti ṣe tèmi bà jẹ́ nìyẹn: irin sí ara rọ́bà, ó fún un pa, gbogbo bí máṣíìnì ṣe ń gbọ̀n ló ń lọ tààrà sínú gíláàsì.

Tí ẹ bá dè é tán, ẹ má tíì gbéra. Ẹ yí ọwọ́ máṣíìnì lọ sápá ọ̀tún dé òpin, kí ẹ yí i lọ sósì dé òpin. Ṣé irin kan ń kan táńkì? Ṣé ọwọ́ yín ń há síbi kílọ́ọ̀ṣì? Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún yí i bákan náà láì fọwọ́ kan ìná. Tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ń ròkè bí ẹ ṣe ń yí i, gíláàsì ń fa wáyà ìná nìyẹn. Tí ẹ bá gùn ún jáde bẹ́ẹ̀, ní kọ́nà àkọ́kọ́, máṣíìnì á sáré fúnra rẹ̀.

Àwọn máṣíìnì ńlá kan wà tó jẹ́ pé ara férémù ni wọ́n ń de fairing tiwọn mọ́, kì í ṣe ọwọ́. Tí ẹ bá ní irú ẹ̀, ẹ yan ìyẹn, nítorí atẹ́gùn ò ní máa fa ìdarí yín. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún èyí tó bo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì Boxer àti TVS lára. Tí ẹ bá dí i, ẹ́ńjìnnì á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí nǹkan kan bo iná iwájú tàbí iná trafficator yín.

Agboòrùn ọlọ́kadà kì í ṣe àfidípò

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Ẹ ra agboòrùn ńlá tí àwọn ọlọ́kadà ń lò." Nígboro, lórí eré jẹ́jẹ́, ó ń gba oòrùn lórí èrò, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ ẹ rántí ìṣirò òkè yẹn. Agboòrùn ga ju orí lọ, ó sì fẹ̀ ju gíláàsì tó gbé mi ṣubú lọ. Tí atẹ́gùn bá kó sábẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀dà, ó fẹ́ gbé máṣíìnì nílẹ̀ ni. Ẹ má gbé e jáde kúrò nígboro.

Ìtọ́jú

Omi àti ọṣẹ, aṣọ rírọ̀, ó parí. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò, iyanrìn ló wà nínú ẹ̀, á họ ọ́. Ẹ da omi sí i ná. Kòkòrò tó bá ti gbẹ mọ́ ọn, ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á rọ̀. Omi ìnugíláàsì mọ́tò tó ní ammonia, epo bẹntiróòlù àti omi bíréèkì, ẹ jìnnà sí wọn. Tí ẹ bá sì ń páàkì fún ìgbà pípẹ́, ẹ má jẹ́ kí oòrùn máa wọ inú gíláàsì tó tẹ̀ kòrókòró láti ẹ̀yìn. Ó lè kó oòrùn jọ sójú kan, kó yọ́ rọ́bà mítà yín.

Kò gba ipò àṣíborí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú ní 2009 á rántí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé àṣíborí. Àwọn kan gé igbá dé orí, àwọn kan dé ike ọ̀dà ìkunlé, gbogbo ayé sì fi wá rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín náà. Àmọ́ mo rò ó lẹ́yìn tí mo ṣubú pé kí ni ìyàtọ̀ èmi àti ẹni tó dé igbá? Òun wọ ohun tó jọ ààbò kí wọ́n má bàa mú un. Èmi gbé ohun tó jọ ààbò sí iwájú máṣíìnì kí n lè gbayì.

Àṣíborí ló gba orí mi lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe gíláàsì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà dé tirẹ̀. Ọlọ́run ṣeun. Tí owó yín ò bá tó méjèèjì, ẹ ra àṣíborí méjì, tiyín àti ti ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn yín, kí ẹ wá máa tọ́jú owó gíláàsì díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ara yín

Ṣé mo ń lo wákàtí kan lórí ọ̀dà lẹ́ẹ̀kan, àbí ìgboro ni mo wà?
Ṣé mo ti fi páálí wọn gíga rẹ̀, ṣé màá rí ọ̀nà lókè rẹ̀?
Ṣé polycarbonate ni, ṣé ihò rẹ̀ ò tíì máa là?
Ṣé mo yọ ọ́ fúnra mi ní ṣọ́ọ̀bù, láì lo sípánà?
Ṣé ọwọ́ máṣíìnì ń yí dé òpin, láì fa wáyà kankan?
Ṣé èmi àti ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn mi ní àṣíborí tó dáa?

Tó bá ku ẹyọ kan tí ẹ ò lè dáhùn, ẹ fi owó yín sápò, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Tí ẹ bá sì rà á, ọ̀nà tí ẹ mọ̀ dáadáa ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn ún lọ, ní ojúmọmọ, láì gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Ẹ sá 40, ẹ sá 50, kí ẹ mọ bí ọwọ́ máṣíìnì ṣe rí lọ́wọ́ yín kí ẹ tó ròkè. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni mo kọ́kọ́ gbé.

Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti san. Ó ṣe ìdánwò náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn ó ṣì máa ń bá mi lọ sí Ìfọ́n, àmọ́ kì í gun máṣíìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ mọ́. Á kọ́kọ́ rìn yí i ká, á fọwọ́ mi bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá wo ojú ọ̀run. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò rí i pé ìjì ń bọ̀ ni? Ẹ yọ ọ́." Màá sì yọ ọ́.